Róbọ́ọ̀tì Àtijọ́: Ẹ Kọ Ibi Tó Ti Wá Sílẹ̀

Àwọn àgbàlagbà kan wà ní Amẹ́ríkà, ní Japan, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Brazil tó jẹ́ pé ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n ń kó owó wọn lé. Wọn kì í rà á fún ọmọ, ara wọn ni wọ́n ń rà á fún. Róbọ́ọ̀tì kékeré ni, irú èyí tó máa ń yí padà. Mọ́tò ni nígbà tó bá jókòó. Tí wọ́n bá na ẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fa apá rẹ̀ síta, tí wọ́n yọ orí rẹ̀ níbi tó sá pamọ́ sí, ó di jagunjagun tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Transformers ni orúkọ tí ayé fi mọ èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, ọdún 1984 ló sì dé ọjà Amẹ́ríkà. Àwọn àgbà ló ní ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, nítorí náà n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó wù ú láti kó jọ. Ìdí tí wọ́n fi ń kó o jọ ni mo fẹ́ bá wọn fà. Nínú gbogbo róbọ́ọ̀tì wọ̀nyí, èyí tí wọ́n ń lé kiri jù ni àwọn ẹ̀yà tó ṣàjèjì: èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣì kó sínú páálí ẹlòmíràn, èyí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní torí pé ó ṣọ̀wọ́n ló fi níye lórí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ló wà lára irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí bí iṣẹ́ ṣe rìn láti ilé iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, láti ilẹ̀ kan dé ìkejì. Ẹ̀rí yẹn gan-an ló ń parẹ́ lọ, nítorí iye tí wọ́n rà á ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rántí, wọn kì í kọ ibi tó ti wá sílẹ̀.

Ká tó lè mọ ohun tó ń parẹ́, ó yẹ ká mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Hasbro, ilé iṣẹ́ tó wà ní ìlú Pawtucket ní ìpínlẹ̀ Rhode Island nígbà náà, ló ń ta Transformers, àmọ́ òun kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é. Takara ní Japan ló ti ń ta oríṣi méjì tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Diaclone, ọdún 1980 ló bẹ̀rẹ̀. Èkejì ń jẹ́ Micro Change, ó yọ jáde ní ọdún 1983 lára Microman tí Takara ti ń tà láti ọdún 1974. Nínú ìtàn Diaclone, róbọ́ọ̀tì kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí. Ẹ̀rọ lásán ni, awakọ̀ kékeré kan tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ ló máa ń jókòó sínú rẹ̀ láti wà á. Ní ti Micro Change, ohun tí à ń lò nínú ilé ni róbọ́ọ̀tì fi ń bojú: ìbọn, rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì, mọ́tò ìṣeré. Nígbà tí Hasbro máa gba àṣẹ lọ́wọ́ Takara, Henry Orenstein, ọmọ ilẹ̀ Poland tó yè bọ́ nínú àgọ́ ìpànìyàn àwọn Nazi tó sì di ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ ohun ìṣeré ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yọrí. Hasbro da oríṣi méjèèjì pọ̀, ó sọ wọ́n di ẹ̀dá ẹlẹ́mìí tó wá láti ayé mìíràn. Marvel, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé alàwòrán, ló bá wọn hun ìtàn náà. Jim Shooter ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, Dennis O'Neil ló sọ olórí wọn ní Optimus Prime, Bob Budiansky ló sì sọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lórúkọ, tó kọ ìwà olúkúlùkù sílẹ̀.

Ẹ wá mú ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò ọdún 1984 tó ti ara Diaclone wá, kí ẹ yọjú wo inú rẹ̀. Ẹ ó bá àga níbẹ̀. Àga awakọ̀ ni, wọ́n ṣe é dáadáa, ó sì gba ẹni kékeré kan. Kò sẹ́ni tó máa jókòó síbẹ̀ mọ́, torí róbọ́ọ̀tì tó ní ẹ̀mí tirẹ̀ kò wá awakọ̀. Hasbro yọ awakọ̀ kúrò nínú páálí, ó sì fi àga rẹ̀ sílẹ̀, nítorí irin tí wọ́n ń da ike sínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbẹ́ tuntun lójoojúmọ́. Owó gọbọi ni. Ìtàn tuntun ni wọ́n fi wọ ara àtijọ́ láṣọ. Ẹni tó bá rí àga yẹn, tó sì mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀, ti mọ ohun tí ìpolówó ọjà kò ní sọ fún un láé: pé ọjà tí wọ́n ń pè ní ti Amẹ́ríkà, Japan ni wọ́n ti ronú ẹ̀, fún ìtàn mìíràn. Bẹ́ẹ̀ àga náà kò ṣọ̀wọ́n. Ó wà lára ọ̀kẹ́ àìmọye mọ́tò tí wọ́n tà. Ìdí rèé tí mo fi ní kí á má fi ọ̀wọ́n ohun ṣe òṣùwọ̀n iyì rẹ̀, torí ohun tó wọ́pọ̀ bí èyí lè sọ̀rọ̀ ju ohun tó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo láyé lọ, tí ẹnikẹ́ni ò bá mọ bó ṣe dé.

Takara nìkan kọ́ ni Hasbro tọ̀ lọ. Bí ọjà ṣe ń yá, ó gba róbọ́ọ̀tì lọ́wọ́ àwọn mìíràn ní Japan: ToyCo, Toybox, Takatoku. Jetfire, bàálù ogun ńlá aláwọ̀ funfun àti pupa tí wọ́n tà ní ọdún 1985, ti Takatoku ni. Inú eré tẹlifíṣọ̀n Macross, tí wọ́n ṣe ní Japan ní ọdún 1982, ló ti wá, orúkọ mìíràn ló sì ń jẹ́ níbẹ̀. Takatoku wọko gbèsè ní ọdún 1984, Bandai tó jẹ́ abánidíje Takara ló sì wá gba iṣẹ́ Macross. Ẹ wo wàhálà tó wọ̀ ọ́. Takara kò lè ta Jetfire ní Japan, torí ohun ọ̀tá rẹ̀ ni. Nínú eré Transformers lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n yí ojú rẹ̀ padà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Skyfire. Lára ohun ìṣeré náà ńkọ́? Àwọn tó kọ́kọ́ jáde gbé àmì àwọn ọmọ ogun inú Macross sí apá wọn, orúkọ Takatoku sì wà lára wọn. Nígbà tó yá, wọ́n yọ àwọn àmì yìí kúrò. Tí ẹ bá gbé Jetfire méjì kalẹ̀, ọ̀kan ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọ̀kan ti ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ìbejì ni wọ́n. Ẹni tó mọ̀ yóò ka ìtàn ilé iṣẹ́ mẹ́rin lára àmì tí kò tó èékánná. Bákan náà ni Shockwave, ìbọn ToyCo tí Hasbro tà ní àwọ̀ àlùkò. Ohun kan náà yìí ni ṣọ́ọ̀bù Radio Shack tà ní àwọ̀ eérú, tí wọ́n pè é ní Galactic Man. Ọ̀kan di ọ̀gágun tí gbogbo ayé mọ̀, ọ̀kan wà bẹ́ẹ̀ láìní ìtàn, irin kan náà ló bí àwọn méjèèjì.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àwọn mọ́tò kéékèèké ti ọdún 1984, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà ti dùn jù. Inú Micro Change ni wọ́n ti wá. Bumblebee jẹ́ Volkswagen, irú èyí tí à ń pè ní ìjàpá nílẹ̀ Yorùbá. Cliffjumper jẹ́ mọ́tò tó jọ Porsche. Àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n mọ ọ̀kan sí, pupa ni èkejì, ṣùgbọ́n ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, Hasbro ta àwọn méjèèjì ní àwọ̀ méjèèjì. Nígbà tó pẹ́, àwọn akójọ wá rí ẹ̀kẹta tí kò sí nínú ìwé ọjà Hasbro kankan: Mazda Familia aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí Cliffjumper. Kò lórúkọ. Àwọn tó rí i ló so orúkọ àwọn méjì yòókù pọ̀, wọ́n pè é ní Bumblejumper. Àwọn mìíràn ń pè é ní Bumper. Wọ́n ti ń ta Mazda yìí gan-an ní Japan lábẹ́ Micro Change, nítorí náà bó bá ti jáde kúrò lára páálí Hasbro, agbára káká ni ẹnikẹ́ni yóò fi mọ̀ pé ó dé Amẹ́ríkà rí. Gbogbo ohun tó ń sọ, ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ló ti ń sọ ọ́. Ó ń sọ pé kí ọjà Transformers tó tò bó ṣe tò, mọ́tò Takara ń bọ́ sínú páálí Hasbro láìsí ẹni tó yẹ ìwé wò dáadáa.

Ẹjọ́ Bluestreak, mọ́tò ọdún 1984 mìíràn tó ti ara Diaclone wá, le ju ìyẹn lọ. Orúkọ rẹ̀ ti sọ pé búlúù ni, àwòrán inú ìwé ọjà ọdún 1984 fi í hàn ní búlúù, àmọ́ aláwọ̀ fàdákà ni àwọn ènìyàn ń bá nínú páálí. Búlúù yẹn jẹ́ àwọ̀ Fairlady Z ti Diaclone ní Japan. Ǹjẹ́ Hasbro tilẹ̀ ta búlúù rí ní Amẹ́ríkà? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ja ìjà yìí. Àwọn kan dúró ṣinṣin pé àwọn rà á nígbà èwe; àwọn kan ní àwòrán inú ìwé ọjà ló tàn wọ́n jẹ, pé ọmọdé máa ń rántí ohun tó fẹ́ bí ẹni pé ó ní i. Kí ni yóò parí ìjà náà? Róbọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ kò lè parí rẹ̀, torí ẹnikẹ́ni lè ra ti Japan kó kó o sínú páálí Amẹ́ríkà. Àfi kí ẹnì kan ní ìwé ẹ̀rí ìrajà láti ṣọ́ọ̀bù, tàbí fọ́tò ọjọ́ ìbí ọmọ tí ọdún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé pélébé tí gbogbo ìyá ń jù sí ilẹ̀ ní ọdún 1984 ló ní ìdáhùn tí owó kò lè rà lónìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wúwo jù ni Gúúsù Amẹ́ríkà àti Mexico. Ní àwọn ọdún 1980, ìjọba àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn ń dáàbò bo ilé iṣẹ́ abẹ́lé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ọjà òkèèrè. Ẹni tó bá fẹ́ ta Transformers níbẹ̀, àfi kó wá ọmọ onílẹ̀ tó máa ṣe é. Estrela, tó ti wà ní Brazil láti ọdún 1937, ṣe tirẹ̀. Plásticos IGA ṣe é ní Mexico, Antex ṣe é ní Argentina, Lynsa ṣe é ní Peru, Rubiplas ṣe é ní Venezuela. Àwọn mọ́tò kéékèèké ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ àwọ̀ tí wọ́n sì yàn ni kò sí nínú ti Hasbro. Ní Brazil, ẹgbẹ́ méjì tó ń bá ara wọn jà yí orúkọ padà: Autobot di Optimus, Decepticon di Malignus. Optimus tó jẹ́ orúkọ olórí kan ní Amẹ́ríkà wá di orúkọ gbogbo ẹgbẹ́. Òǹkàwé tó bá rántí mọ́tò Igala tí Volkswagen ń tò ní Èkó, tó jẹ́ láti Brazil ni wọ́n ti ń kó ẹ̀yà ara rẹ̀ wá, yóò mọ irú ètò tí mò ń sọ: ilé iṣẹ́ ńlá wà ní òkèèrè, iṣẹ́ ọwọ́ wà nílé, òfin ìjọba sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Orúkọ Igala wà lára ọkọ̀ níjọ́ náà, ẹnikẹ́ni lè kà á. Lára mọ́tò oníke tí kò kún ọwọ́, àwọ̀ ni ìwé tí òfin yẹn kọ.

Ẹnì kan lè ní mo ń fún àwọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí kò ní. Ó lè ní bóyá àwọn òṣìṣẹ́ kàn lo ike tó wà nílẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe rí i ni wọ́n dà á, kò sẹ́ni tó ro nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ike tó wà nílẹ̀ ni wọ́n lò, ohun tí a mọ̀ nípa ilé iṣẹ́ náà tún pọ̀ sí i: ike àwọ̀ tó yẹ kò sí, tàbí ó wọ́n, ẹni tó fún wọn láṣẹ kò sì dá wọn lẹ́kun. Tó bá jẹ́ wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yàn án ni, a fẹ́ mọ ẹni tó yàn án. Ọ̀nà méjèèjì ló ń bi wá ní ìbéèrè gidi, kò sì sí èyí tó lè rí ìdáhùn tí a kò bá mọ ìlú tí wọ́n ti rí mọ́tò náà, ọdún tí wọ́n rà á, àti páálí tó bá a wá. Mọ́tò tí kò ní àkọsílẹ̀ kankan, tí ó ti gba ọwọ́ oníṣòwò márùn-ún kọjá, ti di àwọ̀ tó rẹwà lásán.

Àtakò tó gbajúmọ̀ jù ni pé ohun ìṣeré ni, ìpolówó ọjà sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ ni, n kò ní sẹ́ ẹ. Ọdún 1984 gan-an ni àjọ tó ń darí ètò tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà mú òté kúrò lórí iye ìpolówó tí wọ́n lè gbé jáde, oṣù kẹsàn-án ọdún náà sì ni eré Transformers bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1986, nínú sinimá tí wọ́n ṣe nípa wọn, wọ́n pa Optimus Prime, torí ọjà ọdún 1984 ti ń kúrò lórí àtẹ, tuntun ní láti gba ipò rẹ̀. Àwọn ọmọdé sunkún débi pé wọ́n ní láti jí i dìde padà. Kí ni ìyẹn fi hàn wá? Ó fi hàn pé ilé iṣẹ́ tó ń tà á kì í rántí ju ohun tó fẹ́ tà lọ. Tí a bá fi ìrántí sílẹ̀ fún un, ohun tí kò bá ti wúlò fún títà ni yóò kọ́kọ́ gbàgbé. Ilé àkójọ The Strong ní ìlú Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, fi Transformers sínú àwọn ohun ìṣeré tó yẹ ká bọlá fún ní ọdún 2024. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ni irú oyè bẹ́ẹ̀ ń lọ bá. Mazda tí kò lórúkọ, akójọ nìkan ló ní.

Ẹlòmíràn yóò ní owó tí mò ń bẹnu àtẹ́ lù yìí ló gba àwọn róbọ́ọ̀tì náà là. Tí kò bá lówó lórí ni, ṣebí ààtàn ni ìbá wà? Àtakò yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló fa páálí yọ lórí àjà nítorí wọ́n gbọ́ pé ó lówó. Ṣùgbọ́n owó kan náà ló ń pe ayédèrú. Láti ọdún 1985 ni Hasbro ti ń bá aláfarawé jà: wọ́n lẹ sítíkà onígun mẹ́rin kékeré kan mọ́ ara róbọ́ọ̀tì wọn, dúdú ló máa ń rí lójú, tí ọmọdé bá fi àtàǹpàkò ra á tí ooru ọwọ́ bá wọ̀ ọ́, àmì Autobot tàbí ti Decepticon á yọ níbẹ̀, tó bá tutù, á tún padà wọlé. Ọgbọ́n tó dára ni. Lónìí, sítíkà yìí ló ń jẹ́ kí akójọ mọ èyí tó jáde ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ àwọn kan ti ń tẹ sítíkà tuntun tó jọ ti àtijọ́. Takara fúnra rẹ̀ ti ń tún àwọn róbọ́ọ̀tì ayé ọjọ́un ṣe láti ọdún 2000, Hasbro náà sì bá a dá a láti ọdún 2002. Àwọn oníjìbìtì tún wà tó ń ṣe páálí àti ike tí ojú lásán kò lè dá mọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ kò lè bá irọ́ yìí tí a kò bá fún un ní ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni àkọsílẹ̀ ọwọ́ tí ohun náà ti gbà kọjá. Bí owó bá ti ń ga sí i láìsí àkọsílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni irọ́ yóò máa lérè.

Nítorí ìbẹ̀rù ayédèrú ni àwọn ilé iṣẹ́ kan fi dìde ní Amẹ́ríkà, irú Action Figure Authority, tí wọ́n máa ń yẹ ohun ìṣeré wò, tí wọ́n ń fún un ní máàkì, tí wọ́n sì ń fi àpótí ike gbagidi dé e pa. Iṣẹ́ wọn wúlò níwọ̀n. Ohun tí máàkì yẹn ń sọ ni pé etí páálí kò tẹ̀, pé bébà kò ṣá, pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí i. Kò sọ bí Bumblejumper ṣe dé orí páálí Cliffjumper. Mo gbà pé ti Bumblejumper gan-an ni wọ́n yóò fi dá mi lóhùn: mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ara páálí ni gbogbo ẹ̀rí rẹ̀ wà, kí ló dé tí mo tún ń bá àwọn tó dé e pa wí? N kò ní kí ẹnikẹ́ni ya páálí. Mo ní kí àpótí má jẹ́ òpin ọ̀rọ̀. Ike kò mọ̀ pé wọ́n ti dé òun mọ́lé. Funfun ara Jetfire ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá ń kàn án, nígbà mìíràn nínú òkùnkùn pàápàá. Ike aláwọ̀ wúrà tí wọ́n fi ṣe àwọn kan láti ìparí àwọn ọdún 1980 máa ń rún wómúwómú lọ́wọ́, ó lè fọ́ nígbà tí wọ́n bá kàn yí apá rẹ̀. Ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò ṣí àpótí olówó iyebíye kan, tí wọn yóò bá èérún ike nínú rẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n ti yà ṣáájú, ìwọ̀n tí wọ́n ti wọ̀n, ohun tí wọ́n ti kọ nípa àmì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn nìkan ni yóò ṣẹ́kù.

Àwọn tó ń ṣòwò rẹ̀ ní àtakò tiwọn, wọn kì í sì í sọ ọ́ síta. Ẹni tó bá rí ọjà àtijọ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Lima tàbí São Paulo kò ní sọ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àṣírí òwò máa ń ní ìgbà tó ń pé. Nígbà tí ilé ìkẹ́rùsí yẹn bá ti ṣófo, ta ni àṣírí náà ń ṣe láǹfààní mọ́? Ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, kó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, kó sì fún ẹni tó bá ra èyí tó kẹ́yìn. Ẹni tó ń rà á náà ní agbára nínú ọ̀rọ̀ yìí, agbára tó pọ̀ ju èyí tó ń lò lọ. Bí ó bá jẹ́ pé mọ́tò Lynsa tó ní ìwé ibi tó ti wá ni wọ́n ń fi owó tó jọjú rà, tí èyí tí kò ní in ń já wálẹ̀, ọdún kan kò ní pé tí gbogbo oníṣòwò yóò fi máa wá bírò kiri.

Mo mọ̀ pé àwọn akójọ kan ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n ń fi ìwọ̀n kéékèèké wọn ike, wọ́n ń ya fọ́tò ìdí ìdè, wọ́n ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ èyí tó ní orúkọ Takara lára àti èyí tí wọ́n ti pa á rẹ́. Orúkọ Antex àti Rubiplas ì bá má dé etígbọ̀ọ́ wa rárá láìsí wọn. Àwọn ni mo gbè lẹ́yìn, kì í ṣe ẹni tó san owó tó pọ̀ jù ní gbàǹjo tó sì gbé e ti ògiri. Iṣẹ́ tó kù sì ní àkókò tirẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nídìí ẹ̀rọ Estrela ní ọdún 1985 ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Òun ló mọ àwọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ dà. Òun ló mọ̀ bóyá láti òkèèrè ni ike ti ń wá tàbí nílé, àti ibi tí irin náà gbà lọ nígbà tí iṣẹ́ parí. Iye tí akójọ kan ń san lórí mọ́tò kan ṣoṣo tó ohun tí yóò fi wọ ọkọ̀ lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó gbé mọ́tò náà sí i lọ́wọ́, kó tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kó sì bi í léèrè.